Ẹṣin Tó Gbé Àbúrò Mi Ṣánlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà
Dókítà ní ìbàdí Kékeré ò ní padà bọ̀ sípò mọ́. Àbúrò mi kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí — ó ga jù mí lọ báyìí, Kékeré náà ni mò ń pè é. Ẹṣin tó ń gùn níbi eré gbé e ṣánlẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá tó ni ilé ẹṣin ní kí wọ́n yìnbọn pa ẹṣin náà. Mo ní kí wọ́n fún mi. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ó pẹ́ tí mo ti ń bá wọn rán gàárì, mi ò tọrọ nǹkan kan rí. Mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.
Ikú ìbọn ti yá jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Mo sọ ẹṣin náà ní Ìkà. Mo so ó mọ́ òpó nínú oòrùn. Mo gbé omi síbi tí ojú rẹ̀ tó, tí ẹnu rẹ̀ ò tó. Mo jókòó tì í, mò ń rán awọ. Ara tù mí díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mo sún omi mọ́ ọn — kì í ṣe àánú, mi ò fẹ́ kó tètè kú ni. Ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó yára fà á yọ. Omi pọ́n. Mo la ẹnu rẹ̀. Ahọ́n ti ya yánnayànna.
Ìjánu rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi fún àtúnṣe. Mo yẹ irin rẹ̀ wò. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n wé mọ́ ọn, ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ahọ́n. Kéèyàn kàn fà á díẹ̀, ẹṣin á gbórí sókè, á máa jó fún èrò ìwòran. Ta ni wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní ju ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nù?
Olùkọ́ ẹṣin ni. Ta tún ni? Ẹlẹ́gba tí à ń pè é, ẹgba kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.
Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Díẹ̀ ló kù kí n gé èyí tí kò ṣẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Bí mo bá pariwo báyìí, wọ́n á ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú. Rárá. Màá tu ẹṣin yìí lójú títí yóò fi rọ̀ bí òwú. Ọ̀gá á rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé kì í ṣe ẹṣin ló burú. Nígbà náà ni màá wá mú ìjánu jáde. Mi ò tíì sọ fún Kékeré. Ẹ̀bùn ni màá fi ṣe fún un.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Bí mo ti ń wọlé ni Ìkà ń fẹ̀yìn lé ògiri. Mi ò tọ̀ ọ́ lọ. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń rán awọ mi lọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan wá, màá dẹ okùn. Bó bá padà, mi ò fà á. Kí ó mọ̀ pé òun náà lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Ó mí sí mi lọ́rùn lónìí.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo ń fọ ara rẹ̀, mo ń ro ẹjọ́ Ẹlẹ́gba fún un. Etí kan kọjú sí mi, ìkejì ń lé eṣinṣin. Mo wá ojú ẹgba kiri ara rẹ̀, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo. Alárékérekè lọkùnrin yẹn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún
Ó parí.
Mo gun Ìkà yí pápá ká lójú gbogbo wọn — okùn lásán ni mo fi darí rẹ̀, kò sí irin lẹ́nu. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kó ìjánu lé Ọ̀gá lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, sà." Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó ní ta ló ṣe èyí. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Mo wo Ẹlẹ́gba ni, gbogbo wọn bá mi wò ó.
Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọ̀gá ní kó kó ẹrù rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Èébú tí mo ti tò sílẹ̀, mi ò rí ibi lò ó. Bó ti ń kọjá lọ, ó ní, "O tọ́jú ẹṣin yẹn dáadáa. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kánjú gùn ún." Ẹnu dídùn. Mo jẹun yó lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Kékeré ti ṣubú.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún
Mo gbé oúnjẹ àárọ̀ wọlé tọ Kékeré, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sógiri.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Inú àpótí iṣẹ́ yín ni mo ti mú wáyà."
Ó fẹ́ kí ẹṣin jó ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹlẹ́gba ti ká a mọ́ ọn rí, ó já wáyà náà, ó kìlọ̀ fún un. Àárọ̀ ọjọ́ eré ló tún wé òmíràn. Lẹ́yìn tó ṣubú, Ẹlẹ́gba wá jókòó tì í. Ó ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó ti wà nílẹ̀, òun ò ní tún sọ ọ́ lókùúta. Ó ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi.
Mo sáré dé ilé Ẹlẹ́gba. Wọ́n ti gbá yàrá náà mọ́. Aládùúgbò ò mọ ibi tó gbà.
Mo padà wálé. Kékeré ti ń pè mí láti ọ̀sán. Omi ló ń bèèrè, kò sì lè dìde. Mo ń gbọ́ ọ. Mo jókòó síbí, mò ń kọ̀wé.