Òpó Irin Ibojì Bàbá Rẹ Ti Dípẹtà

Ìjù-Odò,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 1971.

Lérè ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi wà láàyè, mo ṣì ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe púpurú tà, àmọ́ inú mi kò dùn rárá. Janet ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ẹkún ni mo sì fi ń sọ ọ́ fún un.

Òpó irin mẹ́fà tí o ní kí a fi ṣọgbà yí ibojì bàbá rẹ ká nítorí ewúrẹ́ ti dé. Vincent bíríkìlà gbẹ́ ihò, ó rì wọ́n, ó fi igi tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè dúró ṣánṣán, ó da kọnkéré sí wọn nídìí, ó ní kí n máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje kó lè le. Mo wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ lálẹ́ bí ọmọ tuntun. Àṣé ìpẹtà ni mo ń bomi rin! Oṣù kò tíì pé tí gbogbo wọn fi pọ́n.

Mo fi iyanrìn àti kànrìnkàn bó wọn ní Sátidé. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, òjò ti rọ̀, ìpẹtà ti padà. Mo bu omi àdúrà wọ́n sí wọn lára, ó tún burú sí i. Salome aládùúgbò wa wò ó títí, ó ní ṣé irin àkìtàn ni ọmọ mi rà fún bàbá rẹ̀ ni. Ojú tì mí.

O kọ̀wé pé kí n má kùn wọ́n lọ́dà, kí n má bó wọn, pé irú irin tuntun tí iléeṣẹ́ yín ń kó wọlé ni, pé ìpẹtà yẹn gan-an ni aṣọ tó máa dáàbò bò ó, pé bó bá ti bo ara rẹ̀ tán, kò ní jẹ ẹ́ wọnú mọ́. Lérè, ta lo ń tàn? Bàbá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ní kí n má pariwo, pé àìsàn náà ló ń jáde lọ yẹn. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí, ẹ kì í sọ ibi tó ń dùn yín.

Mo ní kí Vincent hú wọn kúrò. Ó ní kọnkéré ti dì, pé ẹni tó bá hú u yóò hú bàbá rẹ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó tí mo ń wò wọ́n, tí wọ́n ń jẹrà níṣojú mi.

Má fi owó ọ̀dà ránṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, sọ fún mi, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Owó ọkọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́, kí n wá sí Èkó wá wò ọ́ látòkè délẹ̀. Ọlọ́run yóò dá ọ sí. Ìwọ ni yóò sin mí, èmi kọ́ ni yóò sin ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Aníwúrà.