Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Wà Lápò Yín

Olówó orí mi,

Ẹ ò gbàgbé o, inú ló ń bí yín tẹ́ ẹ fi gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ìjọ bá ilẹ̀kùn ní títì láàárọ̀ yìí, pálọ̀ wa ni wọ́n wá gbàdúrà sí. Adarí akọrin tẹ́ ẹ bá jà lánàá ló kúnlẹ̀ sídìí àga yín, tó ń gbàdúrà fún orúnkún yín. Òun náà kọ́ ló pọ̀n yín dé ọsibítù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ jábọ́ lórí àkàbà? Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn kì í tìlẹ̀kùn mọ́ra wọn.

Oúnjẹ wà lórí sítóòfù. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé ẹ̀yin lẹ máa ṣílẹ̀kùn láago márùn-ún. Ẹ má sọ mí di òpùrọ́.