Ta Ni Yóò Wọ Ẹ̀wù Lẹ́ílà?

Ọjọ́bọ̀, Jeppestown

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá Lẹ́ílà, ará Palẹ́sìnì tí a jọ ń ránṣọ, ṣì ń fi òwú pupa ṣe ọnà sára ẹ̀wù ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Bọ́ǹbù ti pa ọmọ náà ní Gásà. Orúkọ ẹ̀yin ọmọ la ṣì fi ń pe ara wa.

Mo ní, "Ìyá Lẹ́ílà, ta ló máa wọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́nì kan. Ọnà abúlé wa ni, Lẹ́ílà nìkan ni mo sì kọ́. Gba abẹ́rẹ́, Ìyá Àdùkẹ́."

Mo gbà á. Ó wo iṣẹ́ mi, ó tú u. "Ṣé adìyẹ ló fẹsẹ̀ ha á ni?"

Mo tún un ṣe.

"Ó ti ń dára. Wàá fi kọ́ ọmọ rẹ."

Ló bá rántí pé ìwọ náà ti kú, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo ṣáà ń rán an lọ.