Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Gé Kúrò Nínú Méje

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ti sinmi,

Yàrá yín ní Ọ̀yọ́ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, lórí àpótí ìjókòó tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú tí ẹ kò sì rí àyè tún un ṣe títí ẹ fi lọ. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Kì í ṣe rírẹ̀ ẹni tó ru ẹrù. Mo mọ ìyẹn, oorun ló ń wò ó sàn. Èyí ni rírẹ̀ ẹni tó fi odindi ọjọ́ mẹ́ta gbìyànjú láti mú kí ọkàn rẹ̀ jókòó sójú kan, tí ọkàn náà sì ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

Gbogbo wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń bẹ láàyè. Ọkọ mi ń kí yín. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lọ síléèwé. Bàtà méjì péré ni wọ́n ní láàárín ara wọn, nítorí pé méjì ń lọ láàárọ̀, méjì ń lọ lọ́sàn-án, bí àwọn ti àárọ̀ bá ti dé ni wọ́n á bọ́ ọ fún àwọn ti ọ̀sán. Mo ń fi àkísà kì í níwájú fún àwọn àbúrò. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín bí ẹ bá rí wọn. Láti ìgbà tí ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ti dé, owó tó ń ra odindi kóńgò ẹ̀wà nígbà tí ẹ wà, ìdajì kóńgò ló ń rà báyìí. Mo ṣì ń ta ẹ̀wà ní Ọjà Igbó. Mo ṣì ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Ìrẹsà ra ẹrù.

Ǹjẹ́ ẹ rántí pẹ́ńsù yín? Káfíńtà ni yín, kò sí ìgbà tí kì í wà létí yín. Lọ́jọ́ Ìsinmi pàápàá ẹ máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà, tí gbogbo ìjọ ń bọ́ bàtà nítorí pé ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọlé, ẹ̀yin á bọ́ bàtà, ẹ á yọ pẹ́ńsù, ẹ á kì í bọ inú bàtà ọ̀tún. Mo bi yín nígbà kan pé kí ló dé. Ẹ ní bí ẹ bá mú un wọlé, òrùlé ilé Ọlọ́run ni ẹ ó máa fojú wọ̀n títí ìwàásù á fi parí. Ẹ ní ohun ayé, ìta la ti ń bọ́ ọ sílẹ̀.

Èmi kò ní pẹ́ńsù. Orí mi ni ìṣirò ń gbé. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi, ẹ kọ́ mi pẹ̀lú pátákó àti ìṣó kí n tó wọ iléèwé rárá, nígbà tí mo sì ka ìwé mẹ́fà tán tí kò sówó mọ́, ẹ ní kí n má sunkún, pé ẹni tó bá mọ ìṣirò kò ní sùn lébi. Òótọ́ ni. N kò sùn lébi rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kọrin nínú ìjọ, sùtánà tó wà lọ́rùn wọn ni mò ń kà: ọ̀pá aṣọ mẹ́rin fún obìnrin tó sanra, mẹ́ta fún tẹ́ẹ́rẹ́, mélòó ni gbogbo ìlà iwájú? Bí wọ́n bá ní ká dìde, mo máa ń dìde. Bí wọ́n bá ní ká kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ara mi kò pa ìsìn kan jẹ rí. Báwo lèèyàn ṣe ń bọ́ orí sẹ́nu ọ̀nà, Bàbá?

Ohun kan wà tí n kò sọ fún yín.

Nígbà tí àìsàn yín wọ̀, Wòlíì ìjọ yín ránṣẹ́ sí mi pé kí èmi àkọ́bí wá sí Ọ̀yọ́, kí n jókòó tì yín fún ọjọ́ méje. Lójoojúmọ́, bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù, kí n tan àbẹ́là kan, kí n máa ka Sáàmù sí yín létí títí àbẹ́là náà á fi jó tán fúnra rẹ̀. Àbẹ́là méje, ọjọ́ méje. Mo wá. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ẹrù mi kalẹ̀ ni mo ti ń ṣírò. Ọjọ́ karùn-ún bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ẹ̀wà wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kòkòrò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Mo wò ó pé àbẹ́là méje ni Ọlọ́run fẹ́, bí mo bá sì ń tan méjì pọ̀ lójúmọ́, wọ́n á tán lọ́jọ́ kẹrin. Lójú mi, kò sí ohun tó dín.

Ẹ wo iná méjèèjì lórí tábìlì lọ́jọ́ kìíní, ẹ sì wò mí.

“Ṣé méjì ni Wòlíì wí?”

“Kó lè tètè yá ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Ẹ̀wà yẹn ńkọ́?”

“Kòkòrò ti ń wọ̀ ọ́.”

“Háà. Ẹ̀wà ò gbọdọ̀ bàjẹ́ o.”

Ẹ di ojú yín, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ẹnu mi wà nínú Sáàmù, ọkàn mi wà nínú àpò. Mo kà á bí ẹni tó ń ka ẹrù sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, àbẹ́là tó kẹ́yìn kò tíì jó dé ìdí tí mo ti di ẹrù mi. Ẹ fi oríkì mi pè mí bí mo ṣe ń jáde. Mo dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, n kò padà wọlé, torí ọkọ̀ Píjó tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ ku èrò kan.

Ọjọ́ kẹfà lẹ kú. Mò ń wọn ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá pè mí. Bí mo ṣe gbọ́ tán, mo ṣì wọn kóńgò méjì tó kù fún oníbàárà náà, mo gba owó, mo fún un ní ṣéńjì. Ọwọ́ mi ló ṣe é. N kò mọ ẹni tó wà nínú ọwọ́ náà.

Ìyá Bọ́sẹ̀, ayálégbé yín tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiyín, ló tọ́jú yín ní ọjọ́ méjì tí mo ti lọ. Lẹ́yìn tí a sin yín tán ló sọ fún mi. Ó ní lọ́jọ́ karùn-ún ẹ bi òun pé ṣé ọ̀sán ti pọ́n. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ yí orí síhà ibi tí mo máa ń jókòó, ẹ dijú, ẹ sì dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà ẹ tún bi í. Ó tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹ kò ṣí ojú mọ́.

Kí lẹ gbọ́, Bàbá? Ṣé ẹ rò pé mo wà níbẹ̀ ni, tàbí ẹ mọ̀ pé mo ti lọ, tí ẹ sì ń bá mi jókòó sí àyè mi?

Ọdún kan lé díẹ̀ ni mo fi gbé e mì. Lóṣù tó kọjá, agara dá mi, mo sọ ọ́ fún Ìyá Àdúrà ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mọ̀ wọ́n, ìyá arúgbó tó ń rán fìlà. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n á bá mi sunkún. Ẹ̀rín ni wọ́n rín.

“Ìwọ ọmọ yìí. O fẹ́ kí Ọlọ́run dín owó ọjọ́ fún ọ.”

Mo ní, “Ìyá, ṣé èmi ni mo pa á? Ṣé àbẹ́là tí mo tàn pọ̀ yẹn ni?”

Wọ́n dẹ́kun ẹ̀rín. “Ta ló sọ fún ọ pé Ọlọ́run ń ka àbẹ́là? Ẹ̀mí bàbá rẹ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àbẹ́là, kó lè dá ọ dúró sójú kan ni. Ọkàn rẹ ni wọ́n ní kó wá jókòó fún ọjọ́ méje, o rán ẹnu rẹ wá fún ọjọ́ mẹ́rin.”

Mo ní kí ni kí n wá ṣe. Wọ́n ní kí n lọ jókòó fún mẹ́ta tó kù. Mo ní ta ni mo fẹ́ jókòó tì báyìí. Wọ́n ní kì í ṣe fún òkú, òkú ti sinmi, fún èmi tí mo ṣì ń sá káàkiri ni. Bàbá, n kò ní sọ pé ó tù mí nínú. Bó bá jẹ́ àbẹ́là ló pa yín ni, ì bá rọrùn, ẹ̀ṣẹ̀ kan ni, mo lè jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ó tán. Ṣùgbọ́n pé kò sí nǹkan kan tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi ju pé kí n wà níbẹ̀!

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Ráfíù, aládùúgbò mi lọ́jà tó ń ta iyọ̀, pé kó bá mi wo ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé ọwọ́ lérí.

“Ọjọ́ mẹ́ta nítorí àdúrà? Àwa mùsùlùmí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ la fi ń parí tiwa, ọjà ò sì dá wa dúró.”

“Ṣé ọkàn yín máa ń tẹ̀ lé yín lọ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ọ̀hún?”

“Ìyẹn, má bi mí,” ó ní. “Lọ, jàre. Màá wò ó.”

Báyìí ni mo ṣe dé ní ọjọ́ kẹta sí òní. Lọ́jọ́ kìíní, mo tan àbẹ́là kan lọ́sàn-án gangan, mo ṣí Sáàmù, mo kọjú sí ibùsùn yín. N kò ka ẹsẹ mẹ́ta tí ọkàn mi fi dé Ìrẹsà. Mo mú un padà. Ó tún lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tó lọ, ó di ìgbà mẹ́tàdínlógún kí àbẹ́là tó tán. Lọ́jọ́ kejì, ó di mọ́kànlá, inú mi sì dùn pé ó ti dín, mo wá rí i pé mo ti tún sọ ọ́ di ọjà. Mo sunkún díẹ̀. Mo jẹ gààrí, mo sùn.

Lónìí, àbẹ́là ṣẹ̀ṣẹ̀ jó díẹ̀ ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Dírẹ́bà ni, Ìyá Ráfíù ló rán an.

“Ẹ kú ìjókòó, mà. Wọ́n ní oníbàárà kan dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú lọ́rì. Gbogbo ẹ̀wà yín ló fẹ́. Ó ní bí agogo mẹ́ta bá lù tí kò rí yín, òun ń lọ.”

“Ṣé Ìyá Ráfíù ò lè tà á fún un?”

“Wọ́n ní owó tó dá lé e kò tó, àwọn ò lè fọwọ́ sí i láìsí yín. Ọkọ̀ mi wà níta, mà. Àyè yín wà níwájú.”

Àpò méjìlá ni, Bàbá. Àpò méjìlá yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní lórí ilẹ̀. Owó iléèwé ń bẹ nínú rẹ̀, ẹrù tí mo máa rà tẹ̀ lé e ń bẹ nínú rẹ̀, kòkòrò sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti dìde. Mo ti ká ètè jọ láti fẹ́ iná pa. Kì í ṣe pé ohùn kan bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé mo wo ibùsùn, mo sì mọ̀ pé bí mo bá jáde nísinsìnyí, kò sí ẹni tí yóò bi mí léèrè rẹ̀ láyé. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ti ìjọ́sí náà.

Mo ní, “Sọ fún wọn pé n kò lè wá.”

“Ìyá, ẹ̀wà yín ni o.”

“Mo mọ̀. Máa lọ, ọmọ mi. Ọkọ̀ ò ní kún bó o bá dúró tì mí.”

Ó mi orí, ó lọ. Ọkàn mi sì bá a lọ. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ náà gbéra, mo tẹ̀ lé e títí dé odò Ọbà, mo wọ inú ọjà, mo rí ọkùnrin Ìbàdàn yẹn tó ń fi ọwọ́ tú ẹ̀wà mi wò. N kò bá a jà mọ́. Ó ti rẹ̀ mí jù láti lé e. Mo kàn ń ka Sáàmù lọ, bí èèyàn ṣe ń rìn lọ́nà jíjìn tí kò wo iwájú mọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn kan nínú yàrá, mo sì rí i pé èmi ni, àti pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi, mo ń gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rántí bí ọrùn yín ṣe máa ń gbóná nígbà tí ẹ bá gbé mi kọ́rùn ní kékeré. Mo dúpẹ́. N kò tọrọ nǹkan kan. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, àbẹ́là ti jó tán, òwú rẹ̀ ti tutù. N kò mọ ìgbà tó kú. N kò sì mọ iye ìgbà tí mo ka Sáàmù náà. Mo gbìyànjú láti rántí rẹ̀, n kò rí i ṣírò.

N kò ní purọ́ fún yín pé mo ti di ẹni ẹ̀mí. Kí n tó kọ ìwé yìí dé ìdajì, mo ti ń rò ó bóyá ọkùnrin náà dúró. Lọ́la, màá wọkọ̀ àárọ̀, màá sá ẹ̀wà sóòrùn, màá ta èyí tó bá ṣe é tà. Ṣùgbọ́n lónìí, fún ìwọ̀n àkókò tí n kò mọ̀, mo jókòó tì yín.

Ṣé ẹ gbọ́ ti òní, Bàbá?

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó tètè lọ, tó sì pẹ́ kó tó padà wá jókòó. Mo nífẹ̀ẹ́ yín.