Aṣọ́nà Tó Ń Wá Bímpé

Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Bímpé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú àjò o, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ Abẹ́òkúta! Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́, àtàwọn ọmọ? Ṣé ooru ibẹ̀ ò tíì yan ọ́ bí àgbàdo? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ dáadáa. Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní ẹni tó máa ń bá àwọn jẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò ti sá lọ.

Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kù. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n fẹjọ́ rẹ sun bàbá rẹ ní Ìlúpéjú. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́, ló ní o ba ẹ̀rọ òun jẹ́ kí o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

O mọ kọ̀ǹpútà Línúùsì tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, èyí tí ìwọ fúnra rẹ tò. O mọ aṣọ́nà tó wà nínú rẹ̀, ètò tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì íńtánẹ́ẹ̀tì tá a gbé fáwọn oníbàárà wa ní Ayégbajú, ní Ààyè àti ní Ìlúpéjú, tó máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa bí ibì kan bá já. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a pa kọ̀ǹpútà náà ká lè pààrọ̀ bátìrì ínfátà. Nígbà tá a tàn án padà, gbogbo nǹkan dìde àfi aṣọ́nà. Mo ní kó dìde, ó kọ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, ó kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já láàárọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Ààyè, a ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló pè wá lọ́sàn-án, èébú ló sì fi kí wa.

Háà! Ọ̀gá gbaná jẹ. "Kí lọmọ yìí fi uṣẹ́ mi ṣe?" Ó ní ọmọ tó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán dágbére fún ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Má bínú o, ọ̀rẹ́ mi, àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn dùn ún wọ egungun. Ó ní bí wọ́n bá ti ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ lòun ń lọ tààrà. Àyà mi já. O mọ bàbá rẹ; bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ àwọn ba nǹkan oníǹkan jẹ́, wọn ò ní lè gbórí sókè láàárín ìjọ mọ́.

Ni mo bá jókòó ti ẹ̀rọ. Mo rò pé inú rẹ̀ ló kún, àmọ́ àyè wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Mo yẹ gbogbo ètò rẹ̀ wò ní ìlà dé ìlà, mi ò rí àṣìṣe kan. Ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ń múra àtilọ kírun Jímọ̀, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe, kí n bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ léèrè. Gbogbo ìgbà tó bá kọ̀ ló ń sọ ìdí rẹ̀, èmi ni mi ò kà á. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní orúkọ Bímpé ni wọ́n ní kí òun máa fi ṣiṣẹ́, pé òun wá Bímpé títí, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí!

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo pe ọ̀gá, mo ní, "Ẹ dákun sà, ta ló yọ orúkọ Bímpé kúrò níbí?"

Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Èmi ni."

Lọ́jọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ dé ni o, nínú ìbínú. Ó ní ẹ̀rọ tiẹ̀ kìlọ̀ fún òun pé Bímpé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, torí aṣọ́nà ń fi orúkọ rẹ ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, òun ló fi tipátipá yọ ọ́. Nígbà yẹn, aṣọ́nà ti wà nínú ilé, kò nílò orúkọ rẹ tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìgbà tá a pa kọ̀ǹpútà, tó jáde, tó fẹ́ padà wọlé, ni wàhálà dé.

Mo ní ká kúkú fi orúkọ mìíràn sí i, kò le rárá. Ọ̀gá ní, "Rárá. Dá orúkọ ọmọ náà padà síbi tó wà." Mo dá a padà. (Orúkọ lásán ni o, o ò lè fi wọlé!) Mo ní kí aṣọ́nà dìde, ó dìde wẹ́rẹ́. Kò pẹ́ rárá tó fi ń pariwo pé Ayégbajú ti já. Inú mi ò tíì dùn sí ìròyìn burúkú tó bẹ́ẹ̀ rí!

Ọ̀gá ṣáà lọ sí Ìlúpéjú lánàá bó ṣe wí, àmọ́ iṣu ló gbé lọ. Ó sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ wọn mọṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rín gba ẹnu bàbá rẹ.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ àtàwọn ọmọ o. Ọ̀gá ní mi ò gbọdọ̀ fi fóònù rán ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, pé àtẹ̀jíṣẹ́ ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi gbé bírò nìyẹn. Ó ní bí o bá wálé, kí o yà ní ọ́fíìsì, kí o fi ẹnu ara rẹ dágbére fún òun. Títí dìgbà náà, ó ní o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
Fàtíà.