Ohùn Mi Tó Ń Dá Bọ́ọ̀sì Dúró ní Ìkẹjà

Uswat ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Gbogbo agboolé kí ẹ, ewúrẹ́ ìyá ẹ náà kí ẹ, ó bí mẹ́ta lọ́jọ́ tí mo ti Èkó dé, mo sì sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi ló fà á. Ọlọ́run á fi ayọ̀ kún ilé tìẹ náà. Àmín.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ ò jẹ́ kí n jẹun yó. Ọ̀gá yín nílé iṣẹ́ bisikíìtì ní Ìlúpéjú ní tí o bá tún fi lè pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí o máa lọ sílé. Mo sì ti fojú ara mi rí i pé kì í ṣe ẹjọ́ ẹ. Láàárọ̀, Job ará ilé yín ń kó ẹ̀yin mẹ́rin sínú mọ́tò ẹ̀ láti Dopemu dé ìdí rélùwéè Agége, bí ẹ ṣe fún mọ́ra yẹn, mo rò pé ọmọ ìyá kan náà ni yín, mo tiẹ̀ bi yín pé ta ni ẹ̀gbọ́n. Rélùwéè náà ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àmọ́ tí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìkẹjà, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ sí Ìlúpéjú ti lọ, òfìfo ló sì lọ, torí dírẹ́bà ò lè rí rélùwéè níbi tó páàkì sí.

Ta ló tún un ṣe? Èmi ni. Èmi tí mo pe èrò ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Mo ṣáájú yín débẹ̀, mo dúró lórí afárá, bí mo ṣe rí orí rélùwéè lókèèrè, mo ké: “Wọ́n ti dé o, Ọláwọlé, má lọ!” Sikiúrítì sáré wá, ó ní kí ló dé, mo ní ọmọ mi ló dé. Ọláwọlé dírẹ́bà yọrí síta, ó ní, “Bàbá, tí mo bá ti gbọ́ yín, mi ò ní kúrò lójú kan.” Ọjọ́ márùn-ún gbáko, o débi iṣẹ́ kí fèrè ilé iṣẹ́ tó dún, bọ́ọ̀sì kún, Ọláwọlé ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti wá padà sílé báyìí. Ta ni yóò máa ké? Abdulwasiu àbúrò ẹ gbé fóònù ẹ̀ fún mi, mo ké sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọ̀kan fún ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ti fi ránṣẹ́ sí ẹ. Má lo ti Fúráìdè ní Mọ́ńdè o, torí ohùn mi ti há nígbà yẹn. Má sì tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà tán. Tó bá ku díẹ̀ kí ẹ wọ Ìkẹjà, na fóònù síta lójú fèrèsé. Wọ́n ní fèrèsé rélùwéè yẹn kì í ṣí, sọ fún wọn pé bàbá ẹ ló ní kí wọ́n ṣí i.

Ìyá ẹ ní ṣebí kí o kúkú gba nọ́ńbà Ọláwọlé, kí o máa pè é látinú rélùwéè. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. Obìnrin yìí ò mọ iṣẹ́ mọ́tò rárá. Ṣé o ti gbọ́ fóònù tó ń pariwo tó mi rí?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti dátà, torí Abdulwasiu ní ohùn mi wúwo, ó ti jẹ dátà òun tán, àti ti oyin tí n óò fi tún ọ̀fun ṣe fún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí èyí bá tán kí òmíì tó dé, ìwọ fúnra ẹ ké. Ọmọ mi ni ẹ́, ó wà nínú ẹ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí fèrè dún kí o má tíì wọlé.

Èmi bàbá ẹ, Dàwódù, tí ohùn ẹ̀ dé Ìkẹjà láì wọ mọ́tò.