Imú Ọkọ̀ Italy Tí Ọkọ Mi Fi Ń Yangàn

Mi ò bọ̀wọ̀ fún ọkọ mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà... Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ má sì bínú pé "ó" ni mò ń pè é níbí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń lò. Dádì, ẹ káàbọ̀. Dádì, oúnjẹ yín ti délẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nínú ọkàn mi, ó ti di "ó" tipẹ́.

Levenshulme ní Manchester là ń gbé, kò jìnnà sí Stockport Road. Midwife ni mí, solicitor ni òun, ọmọ mẹ́ta la bí. Láàárín eighties, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà ní primary school, ó ra ọkọ̀ Italy àtijọ́ kan lọ́wọ́ opó òyìnbó kan ní Cheshire. Aláwọ̀ búlúù, ilẹ̀kùn méjì péré, imú gígùn bíi ti ajá ọdẹ. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni àwọn olówó ayé àtijọ́ fi máa ń ti Milan lọ sí etí òkun France láìsinmi lójú ọ̀nà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, handbag ló gbà, kò gba ènìyàn. Ẹni tó bí ọmọ mẹ́ta lọ ra ọkọ̀ tí kò gba ọmọ kankan... kí lẹ máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Tó bá di Sunday, èmi àti àwọn ọmọ á wọ bus dé town, a ó tún wọ òmíràn gba Cheetham Hill Road lọ sí church, nínú òjò Manchester yìí, a ó sì bá a níwájú church, ó ti dé, ara rẹ̀ gbẹ, ó ti ṣí bonnet sílẹ̀, àwọn ọkùnrin ti yí i ká bí ẹni pé ìkómọ ni wọ́n wá ṣe.

Ẹ ò tíì gbọ́ ọ nígbà tó bá ń ṣàlàyé. Á ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Turin ló ya ìrísí ọkọ̀ náà, pé láti iná iwájú dé iná ẹ̀yìn, ìlà kan ṣoṣo ló fà láì gbé pencil sókè, pé ọwọ́ ni wọ́n fi lu aluminium ara rẹ̀ lórí igi tí wọ́n gbẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá kan àwọn tó ti ni ọkọ̀ náà rí. Ọmọ ọba Italy kan ló kọ́kọ́ ni ín, ó fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ arẹwà kiri. Ọmọ ọba tà á fún olówó ilé iṣẹ́ òwú kan ní Cheshire. Olówó òwú kú, opó rẹ̀ tà á, ó wá kan òun. Á kà á geere bí ẹni ń ki oríkì ìdílé. Ọkùnrin tí kò lè ki ìyá tó bí i dé ìlà kẹta...

Nígbà tí nineties bẹ̀rẹ̀, opó yẹn fúnra rẹ̀ wá kí wa. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Ìyá arúgbó jẹ́jẹ́ ni, mo po tíì fún un, ó ní òun á fẹ́ rí ọkọ̀ náà kí òun tó lọ. Mo ṣí garage. Ó fi ọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára láti ẹ̀yìn bọ̀ níwájú, nígbà tó dé ibi ilẹ̀kùn, ó dúró, ó gbá ìka mi mú, ó gbé e lé ibẹ̀. Ìlà yẹn já. Láti ẹ̀yìn, ó ń ṣàn bọ̀ bí omi, bó ṣe kọjá ilẹ̀kùn báyìí, ó fò sókè díẹ̀, bí egungun tí wọn ò tò dáadáa. Ó ní ọkọ òun ló mutí tán tó fi ọkọ̀ náà kọlu ògiri ní Wales, gbogbo imú ọkọ̀ rún, panel beater kan tó wà ládùúgbò wọn ló fi ojú díwọ̀n ṣe òmíràn. Mo ní, ọmọ ọba yẹn ńkọ́, ma? Ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ ọba kankan. Ẹni tó ń ta fridge ní Turin ló kọ́kọ́ ni ín, ọkọ òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn tó lọ, mo dúró wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, apá tí ọmọ Turin yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ó rẹwà. Mi ò lè purọ́, ó rẹwà gan-an.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò sọ fún un? Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Mo ní wọ́n ti tan ọkọ mi jẹ, kí n má ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́. Opó yẹn kú, mo ṣì dákẹ́. Mò ń gbọ́ ìtàn ọmọ ọba lọ́jọ́ Sunday, mò ń mi orí bí alángbá...

Ìgbà tó wá fẹ́ ta ọkọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Fẹ́mi ló fẹ́ rà á, dentist kan ní church wa, ọ̀dọ́ tó ń pè mí ní Auntie, èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń tọ́jú owó láti padà lọ ṣí clinic ní Abẹ́òkúta. Ọkọ mi sọ fún un pé owó ọkọ̀ ọmọ ọba á di ìlọ́po méjì tó bá fi í pamọ́, clinic á sì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fẹ́mi gbà. Kí òun náà fara gbá a, ẹni tó ń yẹ ẹnu ènìyàn wò jẹun, tí kò rí ibi tí wọ́n ti lẹ imú mọ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ni mo bá lọ bá ọkọ mi ní kitchen, mo rọra sọ ohun tí opó yẹn sọ fún mi. Mo rò pé ara rẹ̀ á bù máṣọ. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ẹja tó ń jẹ.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìyá yẹn ti sọ fún mi kí n tó rà á."

"Ọmọ ọba ńkọ́, Dádì?"

"Èmi ni mo fi ọmọ ọba sí i. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàn ẹni tó ń ta fridge?"

Ó yọ egungun ẹja lẹ́nu, ó ní, "Tí Fẹ́mi bá dé, wàá bá wa jókòó. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbà gbọ́. Sọ fún un pé opó yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ ti ọmọ ọba fún ẹ."

Ọkọ mi nìyẹn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n sọ òtítọ́ níwájú adájọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣàánú rẹ̀, èmi ni òmùgọ̀ ibẹ̀.

Lẹ́yìn Easter ni Fẹ́mi ń bọ̀. Mo lè pe ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n sọ fún un, kí wọ́n rọra kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, èmi àti ọkọ mi á sì máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló bójú mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní parlour, lójú gbogbo wọn, kí n sì máa wo ojú ọkọ mi bó ṣe ń wálẹ̀. Mo máa ń rò ó nínú bus, inú mi á sì máa dùn, ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu mi láàárín èrò... Òtítọ́ tó bá ń dùn mọ́ ènìyàn báyìí, ṣé òtítọ́ ni, àbí ìkà? Èwo ni kí n ṣe?